Àìbẹ̀rẹ̀ Linux lórí kọ̀ǹpútà kékeré

Àìbẹ̀rẹ̀ Linux jẹ́ ìṣòro tí ó máa ń wáyé nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tàn, ṣùgbọ́n tí Linux orí rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Kì í sábà túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. UEFI ni ó ń wá fáìlì ìbẹ̀rẹ̀; lórí àwọn ẹ̀rọ Intel Atom kan, UEFI oníbíìtì 32 ń wá bootia32.efi, kì í ṣe bootx64.efi, bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà tilẹ̀ jẹ́ oníbíìtì 64.

Kọ̀ǹpútà kékeré kì í sábà ní bátìrì bíi ti alágbèéká. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí iná mànàmáná ti máa ń lọ láìròtẹ́lẹ̀, èyí lè ba ètò fáìlì jẹ́. Àṣẹ fsck, láti orí fílàṣì, lè tún un ṣe láìpa iṣẹ́ oníkọ̀ǹpútà rẹ́.