Àgbádárìgì Tàbí Ìdànrè fún Ìsinmi?

Bí òṣìṣẹ́ bá gba ìsinmi ọdún, tí ó sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ láti mú àwọn ará ilé rẹ̀ jáde, ìlú àtijọ́ méjì kan wà tí ó yẹ kí ó rántí: Àgbádárìgì ní etí ọ̀sà, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àti Ìdànrè ní ẹsẹ̀ àpáta, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kò sí èyí tí ó tóbi tó kí àlejò sọnù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ilé púpọ̀ kò lè ká méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí a ó sì bá ní ọ̀kan kò jọ ti èkejì rárá. Ó yẹ kí a rò ó dáradára kí a tó di ẹrù.

Àwọn Ègùn ni ó ni Àgbádárìgì. Láti èbúté rẹ̀ ni a ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lẹ́rú lọ sí Brazil àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní òkè òkun. Èbúté yìí kan náà ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti C.M.S. gbà wọlé ní 1842. Abẹ́ igi àgíyà kan ni a ti ṣe ọdún Kérésìmesì ní ọdún náà. Igi ọ̀hún wó ní 1959, ohun ìrántí ni ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí a kọ́ parí ní 1845, ṣì dúró létí ọ̀sà. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn gan-an ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ìlú náà, ó sì dúró níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là fún un, níbi tí ó ti tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ ní 1846.

Ilé kan wà tí kò yẹ kí àlejò sáré kọjá, èyíinì ni ti Sèríkì Williams Abass. Ọmọ Yorùbá ni Abass, láti Jógà-Orílé ní ilẹ̀ Yewa. A mú un lẹ́rú ní kékeré, a sì gbé e lọ sí Brazil. Nígbà tí ó padà wá sí ilé, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí ta ènìyàn. Agbolé rẹ̀ ni a ti ń rí yàrá tí a ń há ẹrú mọ́. Àwọn tí ń mú àlejò káàkiri a máa sọ pé 40 ni yàrá náà, àti pé ẹrú 40 ni a ń kó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, àlejò yóò wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gberefu, yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn títí dé etí òkun, ní ọ̀nà tí a mú àwọn ẹrú gbà. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà tí a ń wí pé a ń fún wọn ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé.

Èyí kì í ṣe ìrìn eré. Ọmọ ọdún mẹ́fà yóò fi ọwọ́ kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí ó wà ní ilé àwọn Mobee bí ẹni fi ọwọ́ kan ohun ìṣeré. Ọmọ iléèwé girama ni yóò béèrè ẹni tí ó ta àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Kí òbí rẹ̀ ti ro ìdáhùn sílẹ̀, nítorí pé ọwọ́ àwọn ìjòyè àti oníṣòwò ilẹ̀ yìí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn Òyìnbó. Ọjọ́ kan kò tó fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí a sun ibẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti Ìdànrè. Orí àpáta ni àwọn baba ńlá wọn tẹ̀dó sí, níbi tí ọ̀tá kò ti lè tètè ká wọn mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di nǹkan bí 1928 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni àlejò yóò gùn, pẹ̀lú ibi ìsinmi márùn-ún lójú ọ̀nà. (Ẹni tí ó bá fẹ́ ka àtẹ̀gùn náà, kí ó kà á nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, èémí kì í jẹ́ kí a kà á ní gígòkè.) Lókè ni ààfin àtijọ́ ti Ọwá wà, àti iléèwé tí a dá sílẹ̀ ní 1896, àti ilé ẹjọ́ pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n ti 1906. Ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn wà lára àpáta. Àwọn ará ìlú a máa wí pé ó ń ba ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu, ìbáà ṣe àgbà tàbí ọmọdé. Ní 2007 ni a kọ orúkọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ wọn le, Ìdànrè ni kí ó mú wọn lọ. Ẹni tí ó ní ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, tàbí ọmọ tí ó ti ń ka ìwé ìtàn, Àgbádárìgì ni tirẹ̀. Àsìkò pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Àpáta Ìdànrè a máa yọ̀ nígbà òjò. Nígbà ọyẹ́, ìkùukùu lè bo ìlú tí a fẹ́ wò láti òkè. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí a gùn ún, kí oòrùn tó mú. Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì ti fi ìyà jẹ àwọn arìnrìn-àjò fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn aṣọ́bodè sì pọ̀ lójú rẹ̀ nítorí pé ó lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀; kí ẹni tí ń ti Èkó lọ tètè jí. Ìgbì òkun ní Gberefu le, kò sì yẹ kí a jẹ́ kí ọmọdé wọ inú rẹ̀. Kí a sì bá ọlọ́kọ̀ sọ owó lílọ àti bíbọ̀ pọ̀ kí a tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀.