Ọmọ Tó Wà Lórí Àtẹ̀gùn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún òrìṣà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ewé. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó kàn kí n tó kọ ọ́, wọ́n sì ní kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àbúrò mi ọkùnrin wọlé tọ̀ mí wá ní Maryland níbí. Kò kí mi tán tó fi gbé káàdì kan kalẹ̀ lórí tábìlì. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wo nǹkan tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ sí mi." Ìwé ìpè ìgbéyàwó ni. Orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lápá ọ̀tún, orúkọ obìnrin mìíràn wà lápá òsì. Ẹ kíyè sí i pé "ọmọ yín" ló pè é. Bí ọmọ náà bá gba ẹ̀bùn níléèwé, ọmọ tirẹ̀ ni. Lọ́jọ́ yẹn, ó di ọmọ mi.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ pé àbúrò mi yìí àti ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kì í jókòó jẹun pọ̀ mọ́. Ẹ rò pé ogún bàbá wa ló fà á. Rárá o. Ìbò ló fà á.

Lóṣù kẹta 2012, Martin O'Malley tó jẹ́ gómìnà wa nígbà náà buwọ́ lu òfin pé ọkùnrin lè fẹ́ ọkùnrin, obìnrin sì lè fẹ́ obìnrin ní Maryland. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ kó ìbuwọ́lù aráàlú jọ, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí gbogbo wa máa dìbò lé lórí lóṣù kọkànlá. Question 6 ni wọ́n pè é. Ẹni tó bá ń gbé ibí nígbà náà á rántí bó ṣe rí: pátákó níwájú ilé, àwọn pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú ń ta ko ara wọn, eléyìí ní bẹ́ẹ̀ ni, tọ̀hún ní rárá. Lóṣù karùn-ún ni Ààrẹ Obama sọ fún gbogbo ayé pé òun ti fara mọ́ ọn. Kí oṣù náà tó parí, ẹgbẹ́ NAACP náà ti tẹ̀lé e.

Ní Sunday kan ṣáájú ìbò, a parí ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá nílé mi, gbogbo wa jókòó ti oúnjẹ. Àbúrò mi, Republican ni látìgbà tó ti gba ìwé ọmọ onílùú. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ló ní, owó orí ló máa ń dùn ún. Ẹ̀gbọ́n wa, nọ́ọ̀sì ni, Democrat paraku ni. Ẹnìkan ṣáà dárúkọ Question 6. Ó tán!

Àbúrò mi ní, "Ọbàtálá ló mọ ènìyàn. Ó mọ akọ, ó mọ abo, ó sì mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin fẹ́ wá kọ́ ọ níṣẹ́ báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọbàtálá yẹn náà ló mọ àwọn tí ò ń bú. Àbí ta ló mọ wọ́n? Ṣé ara Amẹ́ríkà ló mọ wọ́n?"

Òrìṣà kan náà, ẹnu méjì. Ká ní wọ́n dúró síbẹ̀ ni, ìbá jẹ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú àbúrò mi kórìíra aláwọ̀ dúdú, pé ẹrú ló sọ ara rẹ̀ dà. Àbúrò mi ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ fẹ́ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Inú ń bí i, ó wá sọ èyí tí kò ṣeé kó padà: "Ẹni tó bá dán irú ẹ̀ wò nínú ilé mi, kó má pe ara rẹ̀ lọ́mọ mi mọ́."

Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 14, jókòó lórí àtẹ̀gùn. Kò sí ẹni tó gbójú sókè wò ó nínú gbogbo wa.

Èmi ńkọ́? Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, iyán ń tutù." Nígbà tí ọjọ́ ìbò pé, mo lọ, mo yan "rárá", mo jáde, mo pa ẹnu mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé tòun ni mò ń ṣe. Àbúrò mi náà rò pé tòun ni. Mo jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa rò ó bẹ́ẹ̀, gbogbo yín sì ń pè mí ní alátùn-únṣe ẹbí. Ẹ má bínú. Àtúnṣe kọ́ nìyẹn, ìbẹ̀rù ni.

Àwọn tó ní "bẹ́ẹ̀ ni" ló borí, wọ́n tó ìdá 52 nínú 100. Lọ́jọ́ kan náà, Maine àti Washington náà dìbò bẹ́ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní Amẹ́ríkà tí àwọn olùdìbò fúnra wọn fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2013, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n pọ̀ níbí. Ẹ̀gbọ́n mi jó. Àbúrò mi kò wá sí ọdún wa lọ́dún yẹn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ọ̀rọ̀ náà ni pé ààlà ẹgbẹ́ òṣèlú kò rí gbọnrangandan bí àwọn méjèèjì ṣe ń fà á. Bill Clinton, Democrat, ló buwọ́ lu òfin 1996 tó ní kí ìjọba àpapọ̀ má ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ sí. Dick Cheney, Republican, igbákejì Ààrẹ Bush, ní ọmọbìnrin tó fẹ́ràn obìnrin. Ní 2004 tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ fi òfin ilẹ̀ náà dí i lọ́nà, Cheney sọ ní gbangba pé èrò tòun yàtọ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ted Olson àti David Boies, lọ́yà méjì ni wọ́n. Ní 2000, Olson gbèjà Bush, Boies gbèjà Gore, nínú ẹjọ́ tó sọ ẹni tó máa jẹ Ààrẹ. Ní 2009, àwọn méjèèjì jọ wọ kóòtù kan náà láti ta ko ìbò Proposition 8 tí California fi dí ìgbéyàwó yìí. Nínú ẹjọ́ yẹn, David Blankenhorn jẹ́rìí fún àwọn tó ń gbèjà ìbò náà. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní 2012, ó kọ ọ́ síwèé ìròyìn pé òun ti gbà báyìí kí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ wà. Kò ní òun jọ̀wọ́ ìgbàgbọ́ òun pé ó dára kí ọmọ mọ bàbá àti ìyá tó bí i. Ìjà náà ló sú u, nítorí kò rí i pé ó tún ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni ṣe.

Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2015, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kí ó kárí gbogbo Amẹ́ríkà. Adájọ́ márùn-ún wà lápá kan, mẹ́rin wà lápá kejì. Àbúrò mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. "Ènìyàn márùn-ún, Bọ̀ọ̀dá mi! Ènìyàn márùn-ún péré ló ṣòfin fún gbogbo ìlú?" Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Tí wọ́n bá ní ká dúró kí gbogbo ìlú gbà, ìgbà wo ni dúdú àti funfun ì bá tó fẹ́ra wọn ní Virginia? Ṣebí kóòtù ló ṣí i ní 1967?" Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló lórí, ló nídìí. Olórí àwọn adájọ́, John Roberts, kọ irú ohun tí àbúrò mi sọ. Àmọ́ wọn kò sọ ọ́ fún ara wọn. Èmi ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, èmi kò sì bá wọn gbé e dé ọ̀dọ̀ ara wọn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí káàdì yẹn dé ní 2023, mo pe àwọn méjèèjì sílé. Mo bu omi tútù síwájú wọn. Mo ní òfin kan péré ló wà: kí olúkúlùkù sọ ohun tó ń ba ẹnì kejì lẹ́rù, kó sọ ọ́ títí ẹni náà á fi ní "bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo ń sọ nìyẹn". Lẹ́yìn náà ló tó lè sọ tirẹ̀.

Ó gbà wá tó wákàtí kan. Ẹ̀rù àbúrò mi jáde síta: ó rò pé lọ́la ìjọba á ní dandan ni kí a so irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ nínú ilé òrìṣà wa, bí a bá kọ̀, kí wọ́n tì í pa. Mo mú òfin tí Biden buwọ́ lù lóṣù kejìlá 2022 jáde, Respect for Marriage Act. Republican 39 ló dìbò fún un nílé aṣojú-ṣòfin, 12 nílé aṣòfin àgbà. Òfin yẹn dáàbò bo ìgbéyàwó náà, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ilé ìjọsìn tí wọ́n máa fipá mú láti ṣe é. Àbúrò mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi."

Ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi náà jáde. Lóṣù kẹfà 2022 tí kóòtù yẹn fagi lé ẹ̀tọ́ oyún ṣíṣẹ́, Adájọ́ Clarence Thomas kọ ọ́ pé ó yẹ kí wọ́n tún ẹjọ́ ìgbéyàwó yìí yẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìwé tí kóòtù kọ, kóòtù lè ya á. Ọmọ wa ni wọ́n máa ya ìwé ẹ̀." Àbúrò mi tún un sọ fún un bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún 11 tó pe ọmọ náà ní "ọmọ wa".

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ohun tó ti fi pamọ́. Lálẹ́ ọjọ́ ìjà yẹn ní 2012, ọmọ náà ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀, ó pè é lórí fóònù. Kò béèrè ìbò, kò béèrè òfin. Ó béèrè pé, "Àǹtí, ṣé ènìyàn lè padà lọ pààrọ̀ orí tó yàn?" Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lòun kò fi sùn dáadáa, kí ọmọ má lọ pa ara rẹ̀ lára. Àbúrò mi kò fèsì. Ó bojú wo àtẹ̀gùn mi. Èmi náà jẹ́wọ́ ìbò mi níwájú wọn lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà mo jẹ́wọ́ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ó ní, "Bàbá àgbà, mo ti mọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ kò sọ nǹkankan."

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á béèrè: kí ni òrìṣà wí? N kò ní purọ́ fún yín. Ìgbéyàwó tiwa, ẹbí méjì ló ń so pọ̀: ìtọrọ, ìdána, àdúrà ọmọ. Àwọn àgbà tí mo bi léèrè kò fẹnu kò. Òmíràn ní irú ètò bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ òun. Òmíràn ní orí oníkálukú ló mọ ọ̀nà tó gbà wá. Èmi kò jókòó sórí àga tí mo lè fi dá a. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òrìṣà kò forúkọ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, ẹni tó bá sì fi Ọbàtálá ṣe kóńdó, ọmọ ẹbí rẹ̀ ló máa nà.

Ẹ̀yin ará ilé ní Nàìjíríà, ẹ má bínú pé a kò fi fọ́tò kankan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Òfin tí Ààrẹ Jonathan buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2014 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó yìí, àti ọdún 10 fún ẹni tó bá jẹ́rìí sí i tàbí tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tó jẹ́ ìnáwó kóòtù níbí, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ni lọ́hùn-ún. A kò fẹ́ kó ìyá wa tàbí ẹnikẹ́ni sí wàhálà.

Ìgbéyàwó náà wáyé lóṣù kẹjọ. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Àbúrò mi kò wá sí kóòtù. Ó ní ọkàn òun kò tíì gbé e débẹ̀, kí a má fipá mú òun. Ẹ̀gbọ́n mi kò bú u.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, fóònù ọmọ náà dún. Bàbá rẹ̀ ni. Ó ti bu omi, ó ti ya obì, ó ní kó gbé fóònù sí àárín orí. Ó wúre fún orí rẹ̀ lórúkọ, oríkì àti gbogbo rẹ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó parí, ó ní, "Ọmọ mi ni ẹ́." Lẹ́yìn ìyẹn ló gé fóònù.

Wọn kò tíì fohùn ṣọ̀kan. Mi ò rò pé wọ́n máa fohùn ṣọ̀kan láé. Ṣùgbọ́n wọ́n jọ wá sí ọdún tó kọjá, wọ́n jọ jẹun, wọ́n tún jiyàn lórí owó orí. Kí àríyànjiyàn wọn tó le, mo rí àbúrò mi tó kọ́kọ́ gbójú sókè, tó wo àtẹ̀gùn, bóyá ọmọ kan wà níbẹ̀.

Kí orí wa má ṣe kọ̀ wá. Àṣẹ.