Fíìmù fún Kámẹ́rà Àtijọ́

Bí ọmọ ilé kan ní Ìyìn-Èkìtì bá bá kámẹ́rà bàbá rẹ̀ nínú àpótí, ǹjẹ́ yóò rí fíìmù fi sí i? Yóò rí i. Lóòótọ́, Kodak dẹ́kun ṣíṣe Kodachrome ní 2009, gbèsè sì gbé e dé ilé-ẹjọ́ ní 2012. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń ṣe Tri-X ní Amẹ́ríkà, Ilford sì ń ṣe HP5 Plus ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìwọ̀n fíìmù ni kí ó kọ́kọ́ mọ̀. 135 àti 120 ló wọ́pọ̀. Àwọn kámẹ́rà kan ń lo 620, tí Kodak dẹ́kun ṣíṣe ní 1995. Ṣùgbọ́n fíìmù 120 náà ni; ohun tí a ká a mọ́ ló tín-ín-rín jù. Ẹni tó mọṣẹ́ lè tún un ká nínú òkùnkùn.

Èyí tí a ti fọ̀ ńkọ́? Ìyẹn kò ṣeé rà. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún láyé ọjọ́un, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán a máa tẹ fíìmù èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí àwọn méjèèjì lè jọ jókòó. Ooru a máa ba irú fíìmù bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ibi gbígbẹ, tó tutù, ni kí á tọ́jú rẹ̀ sí.