Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Wáìnì tó dùn tí kò wọ́n

Ẹ̀yin ará Bàrígà, kí ẹ tó sanwó wáìnì ìnáwó, ẹ yí ìgò náà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà tó ní àmì % ló ń sọ bí ọtí inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ṣúgà inú èso àjàrà ni ìwúkàrà ń jẹ tó fi ń di ọtí. Bó bá jẹ ẹ́ tán, nọ́ńbà á sábà tó 13, adùn á sì lọ. Bí wọ́n bá dá a dúró lójú ọ̀nà, nọ́ńbà á sábà kéré, adùn á sì ṣẹ́ kù.

Orúkọ náà ń gbówó lórí. Champagne ti Faransé wọ́n gan-an. Cava ti Sípéènì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń ṣe é, owó rẹ̀ sì kéré.

Lójú tèmi, oòrùn ló burú jù fún wáìnì. Ìgò tí wọ́n tò síta ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, ooru ti sè é. Bí kọ́ọ̀kì bá ti yọrí, tí ọrùn ìgò sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, bí wọ́n tilẹ̀ dínwó. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ológùrọ̀, tiyín ò ní nọ́ńbà: ọjọ́ tí wọ́n bá dá a ni kí ẹ mu ún. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan.