Ìdáríjì Kò Pa Gbèsè Rẹ́

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, láti Mọ́níyà títí dé Challenge ní Ìbàdàn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá ti ní òun dárí jì, wọ́n gbà pé ìjà parí nìyẹn. Kò parí. Ẹnì kan lè dá ṣe ìdáríjì. Ìlàjà gba ẹni méjì, ó sì ní ohun tí wọn yóò fẹnu kò sí. Ẹ wo ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ìyẹn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀. Àlùfáà méjì, Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ àti Charles Phillips ti Oǹdó, ni ìjọba Èkó rán lọ làjà. Wọn kò kàn wàásù ìfẹ́. Àdéhùn 1886 là á mọ́lẹ̀ pé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bọ́ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, àmọ́ ará ìlú tó bá fẹ́ kó kúrò lè kó kúrò. Ìbọn dákẹ́ ní Kírìjì. Apá àdéhùn náà tó kan ìlú Modákẹ́kẹ́ ni wọn kò mú ṣẹ nígbà náà, ìjà òun àti Ifẹ̀ sì ń rú títí di 2000.

Ẹlòmíràn yóò ní ṣebí Jésù ní kí Pétérù dárí jini nígbà àádọ́rin lọ́nà méje. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Mátíù orí 18 yẹn kan náà ló ní ká lọ sọ ẹ̀ṣẹ̀ oníṣẹ̀ fún un, ká mú ẹlẹ́rìí dání bí kò bá gbọ́. Sákéù agbowó-òde inú Bíbélì pàápàá, ìlọ́po mẹ́rin ló ní òun yóò san padà fún ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ. Obìnrin tí ọkọ ń lù lè dárí jì í láìtíì padà sílé. Àlùfáà tó bá lé e padà lọ́jọ́ kejì kò tíì làjà kankan.