Python: Ìdí tí àyẹ̀wò inú kóòdù rẹ fi lè pòórá lórí sáfà

Ká ní ọ̀dọ́ kan kọ ojú òpó ìtajà fún oníṣòwò aṣọ kan ní àdúgbò Boukoki, ní Niamey, olú ìlú Niger. Lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá kọ iye aṣọ tí kò tó ẹyọ kan, ojú òpó náà kì í gbà.

Nígbà tó gbé e sórí sáfà, oníbàárà kan kọ -2 síwájú ẹ̀wù tó jẹ́ 5,000 CFA. Dípò kí ó kọ̀, ojú òpó náà yọ 10,000 CFA kúrò nínú owó tó yẹ kó san.

Kí ló fà á?

Èdè Python, tí Guido van Rossum gbé jáde lọ́dún 1991, ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ assert. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ètò dúró bí nǹkan kò bá rí bó ṣe yẹ.

Àmọ́ tí wọ́n bá fi -O tan Python, tàbí tí wọ́n ti fi PYTHONOPTIMIZE=1 sórí sáfà, Python yóò fo gbogbo assert. Kò sì ní kéde rẹ̀.

Báwo lo ṣe lè mọ̀?

Wo sys.flags.optimize lórí sáfà. Tó bá jẹ́ 0, assert ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ 1 tàbí 2, kò sí mọ́.

Kí ni ọ̀nà àbáyọ?

Fi if àti raise ṣe àyẹ̀wò owó, iye ọjà àti ẹni tó ń wọlé. -O kò lè yọ wọ́n. Kí oníbàárà tó débẹ̀, fi ètò tí sáfà ń lò gan-an dán ojú òpó náà wò.