Ojú Ìyá, Ọwọ́ Foster

Bí ìyá bá mú ọmọ lọ kí ará, tí onílé gbé oúnjẹ wá, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í kọ́kọ́ wo oúnjẹ. Ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò. Bí ìyá bá ṣẹ́jú báyìí, ó yá, jẹun. Bó bá mójú le, "Mo ti yó, mà" ni ọmọ máa wí, bí ebi tilẹ̀ ń pa á bọ̀. Ẹnikẹ́ni kò lanu, ọ̀rọ̀ sì ti parí.

Ṣùgbọ́n ojú ìyá kò lè pìtàn. Ó lè ní "má jẹ ẹ́", kò lè sọ ìdí rẹ̀, áńbọ̀sì ìtàn ẹni tó kú tó sì jí dìde. Ibẹ̀ ni adití ń há sí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó rí i pé ẹnu pásítọ̀ ń lọ. Ìjọ kúnlẹ̀, òun náà kúnlẹ̀. Wọ́n dìde, ó dìde.

Irú wọn ni Andrew Foster wá lọ sí Gánà ní 1957. Ọmọ Alabama ni, aláwọ̀ dúdú. Àìsàn ló di í létí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11. Ní 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Àwọn míṣọ́nnárì kan sọ fún un pé kò sí ọmọ adití ní Áfíríkà. (Ta ni wọ́n bi? Ẹni tí a fi pamọ́ sẹ́yìnkùlé kò lè jáde wá dáhùn.) Ó yá kíláàsì lò ní Accra, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ tó ń gbọ́rọ̀ bá ti ṣíwọ́. Ní 1960 ó ti dá iléèwé adití sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Kí bàálù tó já pẹ̀lú rẹ̀ ní Rwanda ní 1987, iléèwé rẹ̀ ti lé ní 30, ní orílẹ̀-èdè 13.

Ẹ wo bí àwọn adití tó kàwé níbẹ̀ ṣe ń fọwọ́ pe Jésù: ìka àárín ọ̀tún á kan àtẹ́lẹwọ́ òsì, ti òsì á kan ti ọ̀tún. Ojú ìṣó ni. Àwa a máa pè é láìronú kan ọgbẹ́ rẹ̀. Ní tiwọn, ibi ọgbẹ́ gan-an lorúkọ wà. Ọwọ́ òsì tí a kì í fi júwe ilé bàbá ẹni náà sì bá wọn pè é.

Ohun kan ló ń kọ mí lóminú. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ló tú u sí. Èdè ọwọ́ tí Foster gbé dé, ti Amẹ́ríkà ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ní Adamorobe, abúlé Gánà kan tí adití ti pọ̀ láti ìran dé ìran, wọ́n ní èdè ọwọ́ tiwọn. Tadití tẹni tó ń gbọ́rọ̀ ló ń lò ó. Àwọn ọmọ adití ibẹ̀ lọ iléèwé adití ní Mampong, ti Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́ bọ̀. Nílé wa níbí pẹ̀lú, onímọ̀ èdè Ọláníkẹ̀ẹ́ Ọlá Orie ti kọ nípa èdè ọwọ́ Yorùbá, bó ṣe hù jáde látinú bí a ṣe ń fọwọ́ júwe nǹkan lójoojúmọ́. Odindi Bíbélì tó kọ́kọ́ parí ní èdè ọwọ́, ní 2020, ti Amẹ́ríkà náà ni.

Ọmọ á ti Ìbàdàn wá sílé fún họlidé, á dúró níwájú ìyá rẹ̀, á fi ìka kan àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ìyá á fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, á máa yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ẹ̀gún ló gún un.